Àwọn òrìṣà orí omi ní Dique do Tororó, Salvador: ẹ mú àwọn àgbà yín dání

Bí ẹ bá dé Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia, lórílẹ̀-èdè Brazil, ẹ má jẹ́ kí Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ ìlú náà, nìkan tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ ya Dique do Tororó. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Adágún omi ni, láàárín ìlú, wọ́n ṣe ọgbà yí i ká. Inú omi yẹn ni ère òrìṣà mẹ́jọ dúró sí bí ẹni tó pagbo ijó, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ga tó bíi mítà 7. Tatti Moreno ló gbẹ́ wọn, ọdún 1998 ni wọ́n sì gbé wọn síbẹ̀.

Màmá ọkọ mi, ọmọ Òṣogbo, bá wa lọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ. Màmá ò dúró de alálàyé kankan. "Ṣàngó nìyẹn, ẹ ò rí oṣé lọ́wọ́ ẹ̀ ni? Èyí tó mú ọfà dání, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ni." Nígbà tí wọ́n kan Ọ̀ṣun, wọ́n kúnlẹ̀ sétí omi, wọ́n ní, "Oore Yèyé o!" Obìnrin ará Brazil kan tó ń kọjá lọ, tí kò gbọ́ Yorùbá rárá, dá wọn lóhùn gbolohun kan náà. Omi bọ́ lójú mi.

Ère yìí kì í ṣe ti ìran wíwò lásán. Kí ilẹ̀ ọjọ́ 2 oṣù kejì tó mọ́, tí wọ́n máa ń gbé ẹ̀bùn lọ fún Yemọja létí òkun ní àdúgbò Rio Vermelho, àwọn onísìn á kọ́kọ́ wá gbé ti Ọ̀ṣun sínú adágún yìí. Ilé òrìṣà Casa Branca, tí àwọn obìnrin ilẹ̀ wa dá sílẹ̀, kò jìnnà síbẹ̀, ní títì Vasco da Gama.

Àwọn ọmọ fẹ́ fọwọ́ kan ère, kò ṣeé ṣe, ó wà láàárín omi. Ariwo ọkọ̀ pọ̀, oòrùn ọ̀sán sì mú gan-an. Àmọ́ ọ̀nà ẹsẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, kò ni àgbàlagbà lára. Pápá ìṣeré Fonte Nova, tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù ife àgbáyé 2014, wà nítòsí. Ẹ wá àkàrà jẹ pẹ̀lú: epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, wọ́n á là á, wọ́n á ki ede sí i.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì rìn yí omi náà ká tán. Tí ẹ bá dúró sójú kan, ère kan á bo òmíràn mọ́ yín lójú.