Jẹ́lé-ó-sinmi ìjọba mẹ́ta tí mo wò fún ọmọ mi ní ìgbèríko Georgia

Inú oṣù Keje ni ọmọ mi obìnrin pé ọdún mẹ́rin, ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kò sì dí wa lọ́wọ́, torí ẹni tó bá ti pé ọdún mẹ́rin kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ni pre-K, ìyẹn jẹ́lé-ó-sinmi ìjọba ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, ń gbà. Owó lọ́tìrì ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ètò náà, láti 1995 ló sì ti ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ ọdún mẹ́rin, ti olówó àti ti mẹ̀kúnnù. Ká sọ òótọ́ ṣá, àyè kì í tó. Ní káńtì (ìjọba ìbílẹ̀) wa tí ilé jìnnà síra yìí, mẹ́ta péré ni mo rí tí mo lè gbé ọmọ dé. Mo lọ jókòó nínú kíláàsì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èyí àkọ́kọ́ wà nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ilé rẹ̀ rẹwà, pápá ìṣeré rẹ̀ tẹ́jú, ọkàn mi kọ́kọ́ fà sí i. Àmọ́ wọ́n ti pààrọ̀ tíṣà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan, bọ́ọ̀sì wọn kì í gbé ọmọ pre-K, wákàtí mẹ́fà àbọ̀ sì ni wọ́n ń lò lójúmọ́. Ta ni yóò lọ mú ọmọ ní aago méjì ọ̀sán nígbà tí èmi àti bàbá rẹ̀ wà níbi iṣẹ́? Ohun tó dùn mí jù ni pé ọmọkùnrin kan dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ni wọ́n ní kó jókòó kó máa tọ ipa lẹ́tà lórí ìwé. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló ń wá.

Èkejì dára, ṣùgbọ́n ó jìnnà jù.

Ẹ̀kẹta ni Head Start, ètò jẹ́lé-ó-sinmi tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń ṣe láti 1965 fún ọmọ àwọn tí owó wọn kò pọ̀. Wọ́n máa ń wo iye tó ń wọlé fún ìdílé kí wọ́n tó gba ọmọ, tiwa sì bọ́ sí i. Ilé náà ti gbó, ọ̀dà ara ògiri ti ń ṣí. Kíláàsì ọmọ ọdún mẹ́rin kò gbọ́dọ̀ kọjá ọmọ 20, àgbà méjì ló sì ń dúró tì wọ́n. Mo bá wọn lásìkò oúnjẹ ọ̀sán: tíṣà jókòó sí tábìlì kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ, wọ́n ń jẹ oúnjẹ kan náà, ọmọ kọ̀ọ̀kan ń fọwọ́ ara rẹ̀ bu tirẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan da mílíìkì sílẹ̀, ó sì wo ojú tíṣà. Ìyẹn kò pariwo, aṣọ ìnulẹ̀ ló nà sí i, àwọn méjèèjì sì jọ nù ún. Ọdún kọkànlá tíṣà yẹn nínú iyàrá kan náà nìyí. Ibẹ̀ ni ọkàn mi balẹ̀ sí.

Kì í ṣe pé kò ní àléébù o. Ogójì ìṣẹ́jú ni ọmọ mi ń lò nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀, oorun sì máa ń gbé e lọ kó tó dé. Ìwé tí wọ́n ń béèrè pọ̀ pẹ̀lú: ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, ẹ̀rí ibi tí ẹ ń gbé, fọ́ọ̀mù 3231 tó jẹ́ ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti 3300 fún ojú, etí, eyín àti bí ọmọ ṣe ń jẹun kánú. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, torí ní ìgbèríko, ó lè pẹ́ kí ẹ tó rí dókítà eyín.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ wo ilé ẹ̀kọ́, ẹ má lọ ní aago mẹ́sàn-án tí gbogbo nǹkan ṣì wà létòlétò. Ẹ lọ nígbà oúnjẹ ọ̀sán.