Àkántì Ìfowópamọ́ Ọmọdé: Ohun tí Mo Rí Lẹ́yìn tí A Fọ́ Kóló

Oṣù kìíní ọdún 2023 ni a fọ́ kóló onígi tí ọmọbìnrin mi ti ń ju owó sí láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, ti kéde pé ₦200, ₦500 àti ₦1,000 àtijọ́ kò ní ṣeé ná mọ́ bí oṣù náà bá parí, kí wọ́n tó padà sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. ₦23,650 la kà níbẹ̀. Àwọn kan ti lẹ̀ mọ́ra wọn, ẹ̀rù sì ń ba ọmọ náà pé làálàá òun láti ọdún mẹ́ta fẹ́ di òfo. Ọjọ́ kejì ni mo mú un lọ sí báńkì kan nílùú Ìbàdàn láti ṣí àkántì ọmọdé.

Ohun tí wọ́n béèrè kò nira: ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀, fọ́tò àwa méjèèjì, bíìlì iná àti BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báńkì) tèmi, nítorí òbí ni yóò máa bu ọwọ́ lùwé títí ọmọ yóò fi pé ọdún 18. Ohun tó wú mi lórí jù ni ti obìnrin tó ń gbowó lójú káńtà. Ó ní kí ọmọ náà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣì í kọ, tó sì gba òmíràn, bẹ́ẹ̀ èrò pọ̀ lẹ́yìn wa lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n obìnrin yìí kò kanra. Nígbà tó lu òǹtẹ̀ tán, ọwọ́ ọmọ ló fi ìwé ẹ̀rí owó tó san náà lé. Ó ṣì wà nínú Bíbélì rẹ̀ títí di òní.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni ti owó tí wọ́n ń yọ. Náírà mẹ́rin ni wọ́n ń gbà nígbà náà lórí àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọ náà sì rí i pé owó òun dín. Ó béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kan pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni ẹ fi náírà mẹ́rin mi ṣe?" Èmi ni òṣìṣẹ́ náà kọjú sí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń yọ ọ́. Èyí dùn mí gan-an. Alájọ pàápàá ń gba owó ọjọ́ kan lóṣù, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ kó tó gbowó, ọmọ kékeré sì lè lóye rẹ̀ bí a bá là á yé e.

Èlé orí owó náà kéré, ọ̀wọ́n gógó ọjà sì ń sáré jù ú lọ. Bí ènìyàn bá gba owó jáde nínú àkántì náà ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín oṣù kan, èlé oṣù náà lè lọ. Síbẹ̀, láti ọdún 2024 ni àjọ NDIC ti ń dúró fún owó oníbàárà báńkì ńlá títí dé mílíọ̀nù márùn-ún náírà bí báńkì bá kógbá sílé, èyí tí kóló kò lè ṣe fún ẹnikẹ́ni.

Mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ṣí i fún ọmọ tó bá ti tó ọdún mẹ́wàá, kí ẹ má sì bá a gba káàdì ní kíákíá. Ẹ mú ọmọ náà dání ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń lọ sanwó sínú àkántì náà, kí ó máa ka owó rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àárín ọ̀sẹ̀ ló dára jù, nítorí èrò máa ń pọ̀ lọ́jọ́ Ajé, àwọn òṣìṣẹ́ kì í sì í ráyè dá ọmọdé lóhùn.