Àyẹ̀wò ọjọ́ orí lórí ìkànnì ìwá-olólùfẹ́: èwo ló ṣeé gbára lé?
Èyí tó ní kéèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọjọ́ ìbí ló burú jù. Ọmọ ọdún 14 á kàn yí ọdún padà, ó ti wọlé nìyẹn. Èyí tó ń fi kámẹ́rà wo ojú sàn díẹ̀, àmọ́ àfojúbù ni. Ó lè fi ọdún bíi mélòó kan ṣìṣe, pàápàá láàárín ọdún 15 sí 18 tí ọ̀rọ̀ ti le jù. Èyí tó ń ka káàdì ìdánimọ̀, tó sì ń ní kí onítọ̀hún ya fọ́tò lójú ẹsẹ̀ láti fi wé ti orí káàdì, ló dáa jù. Láìsí fọ́tò yẹn, káàdì ẹ̀gbọ́n lọmọ máa gbé sílẹ̀.

Síbẹ̀, bí wọ́n bá fẹ̀sùn kan èèyàn pé ó bá ọmọdé tó pàdé lórí ìkànnì lò pọ̀, kó má rò pé àmì tí ìkànnì fi sára ẹni tó yege àyẹ̀wò yìí á gba òun sílẹ̀ ní kóòtù. Ní Kánádà, òfin kò gba àwáwí pé èèyàn ṣi ọjọ́ orí mú àfi tó bá ti gbé gbogbo ìgbésẹ̀ tó bọ́gbọ́n mu láti mọ̀ ọ́n. Ní Ẹ́ńgílándì, òfin ọdún 2003 lórí ẹ̀ṣẹ̀ ìbálòpọ̀ gba irú àwáwí bẹ́ẹ̀ tí ìdí gidi bá wà láti gbà pé ọmọ náà ti pé ọdún 16. Bí kò bá tíì pé 13, kò sí àwáwí kankan. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó rí aṣọ ilé ìwé nínú fọ́tò tí kò béèrè ọ̀rọ̀, kò yẹ kí wọ́n gbọ́ tirẹ̀. Bí ọjọ́ ìbí tẹ́nì kan kọ àti kíláàsì tó ní òun wà nílé ìwé kò bá bára mu, ẹ dá ọ̀rọ̀ náà dúró, kẹ́ ẹ sì fẹjọ́ sun ìkànnì náà.