Igbá fínfín lẹ́yìn ọjà Àkẹ̀sán

Ẹni tó bá fẹ́ igbá fínfín gidi ní Ọ̀yọ́, kó má tíì náwó ní ẹ̀bá títì. Kó wá ìsọ̀ kan lọ lẹ́yìn ọjà Àkẹ̀sán, níbi tí bàbá àgbà kan àtàwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ti ń fín igbá látàárọ̀ dalẹ́. Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń rajà.

Ọwọ́ wọn mọ́. Igbá tó gbó dáadáa ni wọ́n ń lò, ó nípọn, tẹ́ ẹ bá fìka kàn án, á dún kó. Ọ̀bẹ kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni Bàbá ń lò, wọn kì í fi pẹ́ńsù fa ìlà kankan ṣáájú. Ibi tí wọ́n bá ha á funfun, èèpo tí wọ́n bá fi sílẹ̀ á pọ́n.

Igbá ọlọ́mọrí kan tí mo rà ní ₦15,000 ló gbà mí lọ́kàn jù. Nǹkan kan tó nírù nà gbalaja sórí ọmọrí rẹ̀. Ẹ yí i sọ́tùn-ún, aláǹgbá ni. Ẹ yí i sósì, ìrù yẹn á di apá èèyàn tó nà sókè, ẹsẹ̀ aláǹgbá á sì di ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn onítọ̀hún. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ fín síbí?" Wọ́n ní, "Ìwọ ńkọ́, kí lo rí?" Mo sọ tèmi. Wọ́n mi orí, wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Ọmọ iṣẹ́ kan fẹ́ ṣàlàyé, wọ́n fojú bá a wí.

Mo gbé e lọ síwájú kíláàsì, mo ní kí kálukú ya ohun tó bá rí. Ọ̀kan ya ọ̀nì, ọ̀kan ya ìyá tó pọnmọ, ọmọkùnrin kan tí kì í fẹ́ fọwọ́ kan bébà ya odò tó ya sí méjì, kò sì fẹ́ dìde nígbà tí aago lù. Leonardo da Vinci, gbajúmọ̀ ayàwòrán ará Ítálì ayé àtijọ́, náà gba àwọn ayàwòrán nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa tẹjú mọ́ àbàwọ́n ara ògiri, títí wọ́n á fi rí òkè àti ogun níbẹ̀. Ẹ tún wo àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nílé-Ifẹ̀, ní 1938. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú àwọn kan látòkè délẹ̀. Àwọn kan ní ilà ojú ni, àwọn mìíràn ní òjìji ìlẹ̀kẹ̀ adé ni, àríyànjiyàn náà ò tíì tán. Ó dá mi lójú pé bí ẹni tó da idẹ yẹn bá ti ṣe àlàyé sílẹ̀ ni, a ò ní máa pẹ́ níwájú wọn tó bẹ́ẹ̀.

Èyí tí mi ò fẹ́ ni àwọn igbá tuntun táwọn ọmọ iṣẹ́ ń fi fáníìṣì kùn, tí wọ́n ń kọ "Ẹ káàbọ̀" gàdàgbà sí lára. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ wò ó, ó tán. Ẹ tún yẹ ọmọrí wò kẹ́ ẹ tó sanwó, àwọn kan ò bára mu dáadáa, kẹ́ ẹ sì wo inú rẹ̀ bóyá kòkòrò ti ń jẹ ẹ́. Wọ́n ń gba tiransífà, wọ́n sì ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ tẹ́ ẹ bá ra ju ẹyọ kan lọ. Iwájú ìsọ̀ ni wọ́n ń to àwọn oníkíkùn sí. Ẹ ní kí wọ́n kó ti Bàbá jáde látinú yàrá.