Hydrometer, refractometer tàbí alcoholmeter: èwo ni kí ẹ rà fún bíà tí ẹ ń pọn nílé?

Ẹni tó bá ń pọn bíà nílé tó sì fẹ́ mọ bó ṣe le tó, orúkọ ni yóò kọ́kọ́ tàn án jẹ. Ẹ ó rí ohun kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní alcoholmeter, ẹ ó ní òun gan-an lẹ ń wá. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe. Ìlú tí International Breweries ti ń pọn Trophy láti 1978 ni mo ń gbé, àmọ́ mo wá irú ohun èlò yìí títí lọ́jà Atakúnmọ̀sà, n kò rí i, ni mo bá ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Èkó. Nígbà tó dé Iléṣà, mo tì í bọnú ọtí ọkà bàbà tí mo pọn. Ló bá léfòó bí igbá, àmì òdo rẹ̀ wà lókè omi. Màmá mi wò ó, wọ́n ní, "Ṣé omi lo wá ń dáná sí láti ọjọ́ yìí ni?" Bẹ́ẹ̀, àbúrò mi tó ti mu ife méjì ti ń kọrin níwájú ilé.

Kò sí ohun tó ṣe é. Ògógóró ni wọ́n ṣe é fún, ọtí tó jẹ́ pé omi àti agbára ọtí nìkan ló kù nínú rẹ̀. Ti bíà yàtọ̀: ọtí inú rẹ̀ ń mú un fúyẹ́, ṣúgà tó ṣẹ́kù ń mú un wúwo, alcoholmeter ò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹ ò bá ṣòwò ògógóró, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe é. (Mo fi àwọn orúkọ yìí sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ wọ́n sára páálí, kí ẹ lè fi wá wọn.)

Àwọn méjì tó kù ni ìfiwéra wà láàárín wọn.

Hydrometer jẹ́ ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìdí rẹ̀ wúwo. Kì í wọn ọtí rárá, bí omi ṣe wúwo tó ló ń wọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ó lò ó: kí ẹ tó da yíìsì sínú omi ọkà, àti nígbà tó bá ti hó tán tó dákẹ́. Ẹ yọ ìwọ̀n ìkejì kúrò nínú ìkíní, ẹ fi 131.25 sọ ọ́ di púpọ̀. Bíà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1.050 tó parí sí 1.010, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.040, agbára rẹ̀ á sì jẹ́ 5.25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá gbàgbé ìwọ̀n ìkíní, kò sí ohun tí ìkejì lè sọ fún un.

Ìmọ́lẹ̀ ni refractometer ń lò ní tirẹ̀. Ẹ̀kán méjì sí mẹ́ta péré lẹ ó kán sórí gíláàsì rẹ̀, ẹ bò ó, ẹ kọjú sí ìmọ́lẹ̀, ẹ yọjú wò ó. Ibi tí àwọ̀ aró ti pàdé funfun ni iye ṣúgà, tí wọ́n ń pè ní Brix. Bí ó bá jẹ́ 12, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 1.048 ti hydrometer mu.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Lágere, n'Ífẹ̀, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ hydrometer sétí, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Lítà márùn-ún ló ń pọn lẹ́ẹ̀kan. Hydrometer á gba mìlílítà 100 sí 200 nígbà kọ̀ọ̀kan. Tó bá wọ̀n ọ́n nígbà mẹ́rin, odidi ìgò kan ti lọ. Gíláàsì sì ni, bó bá bọ́ lu sìmẹ́ńtì, ó parí. Ooru wa tún ń dà á láàmú. 20°C ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ fún. Tí ọtí bá wà ní 30°C, bó ṣe máa ń rí lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń fi nǹkan bí 0.002 sí 0.003 dín, ẹ̀yin lẹ ó fi kún un. Refractometer tí wọ́n kọ ATC sí lára ń ṣe àtúnṣe yẹn fúnra rẹ̀.

Àmọ́ ẹ dúró ná. Lẹ́yìn tí yíìsì bá ti ṣiṣẹ́, irọ́ ni refractometer ń pa. Ọtí ń tẹ ìmọ́lẹ̀ ju omi lọ, ohun èlò náà á sì rò pé ṣúgà ni. Bíà wa tó parí sí 1.010 yẹn, ó lè pè é ní nǹkan bí 6 Brix, tí í ṣe 1.024. Ẹ bá a ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, 5.25 á di 3.4. Ìṣirò tó ń tún un ṣe wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń fẹ́ ìwọ̀n ìkíní. Ọtí ọkà bàbà wa tó máa ń dúdú, tó sì ń rú, tún máa ń jẹ́ kí ìlà yẹn ṣú bàìbàì. Ti hydrometer kò ju pé kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ dà á láti ife sí ife kí ìfófòó jáde, torí ìfófòó ló máa ń gbé e sókè ju bó ṣe yẹ lọ.

Irú èyí tó ń léfòó nínú ike tó ń fi ìwọ̀n ránṣẹ́ sórí fóònù, bíi Tilt, dára wò. Owó rẹ̀ ga, kò sì sí òṣómàáló tó ń tà á láwìn.

Èmi ní kí ẹ kọ́kọ́ ra hydrometer, pẹ̀lú ìgò gíga tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ó fi máa bù ú wọ̀n àti tẹmómítà. Bí owó bá kù, ẹ fi refractometer kún un, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mọ agbára ẹmu. Orí igi ni ẹmu ti bẹ̀rẹ̀ sí hó, ta ni yóò gun ọ̀pẹ lọ wọn ìkíní? Ẹ fi méjèèjì wọn ife kan náà, ìṣirò orí íńtánẹ́ẹ̀tì á fún yín ní iye tó súnmọ́ ọn láìsí ìwọ̀n ìkíní.

Bí hydrometer bá dé, ẹ tì í bọnú omi mímọ́ tó wà ní 20°C kí ẹ tó san owó tó kù. 1.000 ló gbọ́dọ̀ sọ. Bébà tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí nínú rẹ̀ máa ń yẹ̀ nígbà mìíràn lójú ọ̀nà, kò sì ṣe é tún ṣe. Tó bá ti yẹ̀, ẹ dá a padà.