Sólà tá a gbé sórí òrùlé wa ní Tanke, oṣù mẹ́wàá rè é

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí tí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ti ń bi mí ní stáàfù rúùmù pé sólà tẹ́ ẹ ṣe yẹn ńkọ́, ṣé ó dáa, èló lẹ ná sí i, ṣé lóòótọ́ ló ń gbé fìrísà àbí ariwo lásán ni. Mo ti dáhùn títí ó ti sú mi, ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ kà á rí i kà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni tà á o, kò sẹ́ni tó fún mi ní kọ́bọ̀, owó wa la fi rà á, a sì ṣì ń san gbèsè ẹ̀ lọ́wọ́.

Ilé wa wà lápá Òkè-Odò ní Tanke, ní Ìlọrin níbí. Olùkọ́ sẹ́kọ́ńdírì ni mí, ọkọ mi wà ní láàbù ilé ìwòsàn, ọmọ mẹ́ta, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé mo máa ń ta ẹja fìrísà, kòtè àti Titus, mo sì ń ta sóbò tútù. Ẹni tó bá ń kọjá lọ tó wò wá á ní àwọn wọ̀nyí ti rí já jẹ, inú ilé ara wa là ń gbé, mọ́tò wà níta, àwọn ọmọ ń lọ iléèwé aládàáni. Àmọ́ tí ilẹ̀ bá ti ṣú báyìí tí wọ́n mú iná lọ, àwa àti ẹni tó háyà yàrá kan, ọgbọọgba ni wá, kálukú jókòó síta ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra.

Lọ́dún 2011 ni báńkì ìdàgbàsókè Áfíríkà, AfDB, gbé ìwé kan jáde lórí àwa tá a wà láàárín yìí, tá a kì í ṣe olówó, tá a ò sì pe ara wa ní tálákà. Wọ́n ní ẹni tó bá ń ná láti dọ́là 2 dé 20 lójúmọ́ ti wọ inú ẹ̀, wọ́n kà wá, ní gbogbo Áfíríkà a jẹ́ mílíọ̀nù 313 ní 2010, nígbà tó jẹ́ pé mílíọ̀nù 111 péré ni ní 1980. Ibi tó kàn mí wà nísàlẹ̀: nínú èèyàn mẹ́wàá tí wọ́n kà yẹn, ó tó mẹ́fà tó jẹ́ pé dọ́là 2 sí 4 ló ń ná, àwọn yẹn sì rèé, tí nǹkan díẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí wọn, wọ́n lè yọ̀ ṣubú padà. Èmi mọ nǹkan díẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ sí tiwa. Epo ni.

May 29, 2023 tí Tinubu gorí àlééfà tó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà kan tí kì í tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ fò kọjá 500, kí 2024 tó parí ó ti kọjá 1,000. Jẹnẹrétọ̀ wa ń mu lítà 3 lálẹ́ kan, láti ìrọ̀lẹ́ títí di bí aago mọ́kànlá, torí fìrísà, à ń tan án bí ogún alẹ́ lóṣù. Ẹ bá mi fi 1,050 ṣírò ẹ̀, 63,000 náírà nìyẹn, owó epo nìkan o, ọ́ìlì àti pílọ́ọ̀gì ò sí níbẹ̀, owó ẹni tó ń tún un ṣe ò sí níbẹ̀. Ìgbà tí ìjọba wá fi owó oṣù tó kéré jù sí 70,000 ní 2024, mo jókòó mo ní háà, owó oṣù odidi òṣìṣẹ́ kan là ń dáná sun báyìí lóṣooṣù, ká ṣáà lè tajà.

Àwọn kan ní ká máa retí Band A. Ìyẹn èyí tí wọ́n gbé dé ní April 2024, pé ẹni tó bá wà níbẹ̀ á máa rí iná wákàtí 20 lójúmọ́, tí wọ́n wá gbé yúníìtì kan láti 68 náírà sí 225 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àdúgbò tiwa ò sí níbẹ̀. October 2024 náà ńkọ́, tó jẹ́ pé bí iná gbogbo orílẹ̀-èdè ṣe ń dìde ló tún ń ṣubú? Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti Jẹ́bà. Kwara wa níbí ni Jẹ́bà wà, láti 1985 ni wọ́n ti ń fi omi Odò Ọya ṣe iná níbẹ̀, kò jìnnà sí wa rárá, àwa sì rèé nínú òkùnkùn. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń ká mi lára gan-an.

Bá a ṣe rówó ẹ̀ ni wọ́n máa ń bi mí jù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa. A kọ́kọ́ lọ bá iléeṣẹ́ kan tó ń fúnni tí èèyàn á máa san díẹ̀díẹ̀. Nǹkan kan náà tá a padà fi 1,640,000 ṣe, tá a bá ro gbogbo ohun tá a máa san fún wọn pọ̀ ó ń lọ sí bíi 2,400,000, oṣù méjìlá ni wọ́n sì fẹ́ ká fi san án tán. Ọkọ mi ní èlé nìyẹn, òun ò jẹ èlé, òun ò sì ní san án. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ ẹ̀ la padà lọ, wọn kì í gba èlé lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́, ìlọ́po méjì ohun téèyàn bá ti fi pamọ́ ni wọ́n ń yáni. Ó ti ní 600,000 níbẹ̀, wọ́n yá a ní 1,200,000, wọ́n ń yọ 50,000 lóṣù fún oṣù 24. Èmi kó àjọ mi, 300,000. 140,000 tó kù, owó ẹja ni. Ní Ìlọrin yìí, tẹ́ ẹ bá rí òṣìṣẹ́ tó kọ́lé tàbí tó lọ Mẹ́kà, ẹ rọra wádìí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ alájẹṣẹ́kù ló wà nídìí ẹ̀. Èmi ò rí owó yá ní báńkì rí, wọ́n á ní kí n mú ìwé ilẹ̀ wá, wọ́n á ní kí n mú onídùúró wá, ó di gbére.

Ohun tá a rà rèé: ìńfátà 3.5kVA, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, 410,000. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù 24V 100Ah, 680,000. Páńẹ́lì 450W mẹ́rin, 88,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irin orí òrùlé, wáyà, bírékà àti owó iṣẹ́, 198,000. Bátìrì yẹn ló kó owó jù, a sì fẹ́ẹ̀ jà lórí ẹ̀, torí ọkọ mi ń wo ti olómi tí owó ẹ̀ dín. Àmọ́ olómi yẹn, téèyàn bá ti ń lò ó kọjá ìdajì lójoojúmọ́ ó ti ń pa á nìyẹn, lítíọ́ọ̀mù ní tiẹ̀ èèyàn lè lò ó dé bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún kó tó gba iná padà, yóò sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Mo dúró lórí lítíọ́ọ̀mù. Inú mi dùn pé mo dúró.

Ẹni tó kọ́kọ́ wá tò ó, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ó fẹ́ẹ̀ ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ó gbé páńẹ́lì méjì síbi tí òjìji igi máńgòrò aládùúgbò wa máa ń bò láti bí aago méjì ọ̀sán, mi ò sì mọ̀ nígbà yẹn pé òjìji kékeré lórí páńẹ́lì kan lè fa gbogbo èyí tí wọ́n so mọ́ ọn sẹ́yìn. Ó tún fi wáyà tín-ín-rín so bátìrì mọ́ ìńfátà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, lóru, mo ń gbóòórùn bí ìgbà tí ọ̀rá ń jó, mo fọwọ́ kan wáyà, ó gbóná bí áyọ́ọ̀nù, àwọn ọmọ wà nínú yàrá tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀rù bà mí débi tí mi ò fi lè sùn mọ́jú. A pè é, ó ní òun wà ní Òfà, òun ń bọ̀, títí dòní kò yọjú. Rẹ́wáyà míì, ọmọdékùnrin kan tó kọ́ ọ ní pólì, ló wá tún un ṣe ní 45,000, ó yí wáyà sí èyí tó nípọn, ó kó àwọn páńẹ́lì lọ sí apá gúúsù òrùlé níbi tí òòrùn ti ń pẹ́. Kò kúrò nílé wa títí ó fi kọ́ èmi àti ọmọ mi obìnrin bí a ṣe ń pa bírékà àti èyí tá a máa kọ́kọ́ pa. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ lọ wo iṣẹ́ tó ti ṣe sílé ẹlòmíì, kẹ́ ẹ bi onílé bóyá ó ń gbé fóònù lẹ́yìn tó gbowó tán.

Báwo ló wá ṣe ń ṣe? Ó ń ṣe dáadáa. Fìrísà, fáànù mẹ́ta, gbogbo gílóòbù, tẹlifíṣọ̀n, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tí wọ́n bá pe ìrun àsùbáà tí mo dìde wo ojú ìńfátà, mo máa ń rí bí ìdá 25 tàbí 30 nínú bátìrì. Tó bá ti di bí aago mẹ́jọ àárọ̀ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba òòrùn padà, tó bá fi máa di ọ̀sán ó ti kún. Kẹ́tùlù àti hítà, ẹ má dá a láṣà. Súmò tó ń fa omi, ti agbára ẹṣin kan (1hp) ni tiwa, ìyẹn 746W, àmọ́ bó ṣe ń gbéra ló ń fa iná tó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ọ̀sán gangan tí òòrùn ń ràn la máa ń tan án. Áyọ́ọ̀nù náà bẹ́ẹ̀, ọ̀sán Sátidé la máa ń lọ aṣọ iléèwé gbogbo ọ̀sẹ̀. Ilé wa ti wá ń tẹ̀ lé òòrùn bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń ṣe. Kò sì ni wá lára, àwọn ọmọ ti mọ̀ ọ́n, èyí àbíkẹ́yìn gan-an máa ń sáré wọlé wá sọ pé mọ́mì, òòrùn ti yọ, ẹ tan omi.

Ní July àti August ó fi han wá pé agbára ẹ̀ níbi tó mọ. Òjò ń rọ̀, ojú ọ̀run ṣú fún ọjọ́ mẹ́ta, bátìrì ò kún, tó bá di aago mẹ́wàá alẹ́ ó ti wà ní ìdá 40, a ní láti pa fìrísà lóru, ká wá gbé jẹnẹrétọ̀ àtijọ́ jáde bí ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé ẹ lè ta jẹnẹrétọ̀ yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ṣe sólà ń tàn yín jẹ. Ọyẹ́ náà ní tiẹ̀, eruku Ìlọrin ẹ mọ̀ ọ́n, ọ̀sẹ̀ kan péré ó ti bo páńẹ́lì pátápátá. Omi lásán àti aṣọ tó rọ̀, ní kùtùkùtù kí páńẹ́lì tó gbóná, ìyẹn tó.

Àmọ́ ní ti ọjà mi, mo dúpẹ́. Lọ́dún tó kọjá mo da odidi páálí Titus kan nù torí ọjọ́ méjì tí ò síná tí mi ò sì rówó epo, mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Láti ìgbà tí sólà ti dé ẹja kan ò bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Àkọ́bí mi tó ń múra WAEC ń kàwé lórí tábìlì, èéfín ò sí, ariwo ò sí, èmi náà ń gbọ́ ohùn ara mi nínú ilé mi lálẹ́. Ìyá ọkọ mi wá láti Òfà, wọ́n wo òkè wo ilẹ̀, wọ́n ní ẹ ti dolówó. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, gbèsè oṣù mẹ́rìnlá ṣì wà nílẹ̀. Wọ́n ní gbèsè tó ń tan iná sàn ju èyí tí wọ́n jẹ tán.

Nínú márùn-ún, mo fún bátìrì àti ìńfátà ní mẹ́rin ààbọ̀, ọmọ tó tún un ṣe ní márùn-ún, ẹni àkọ́kọ́, mi ò fún un ní nǹkan kan. Bí gbèsè alájẹṣẹ́kù bá ti parí, bátìrì kejì ló kàn, torí òjò.

Alhaja tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní àtọ̀gbẹ, oògùn abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì wọn ò gbọ́dọ̀ gbóná, inú yìnyín ni wọ́n máa ń fi í sí tẹ́lẹ̀, wọ́n á rán ọmọ lọ ra yìnyín láàárọ̀ lọ ra á nírọ̀lẹ́. Ó ti wà nínú fíríìjì wa láti oṣù kẹjọ báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sóbò, mo kọ orúkọ wọn sára ẹ̀. Tí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán wọ́n á kan ilẹ̀kùn, wọ́n á ní ṣé iná wà, màá ní ó wà mà, ẹ wọlé.