Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti kú: àgbéyẹ̀wò mọ́nítọ̀ Proview mi

Ohun tó mú mi kọ èyí ni ọ̀rọ̀ tí máníjà ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ra mọ́nítọ̀ mi ní Computer Village, ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà, sọ sí mi lójú nígbà tí mo gbé e padà lọ torí pé ó bàjẹ́: "Màmá, kí lẹ fẹ́ ká ṣe sí i? Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti kú. Apple ló pa á." Rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi. Wárántì oṣù mẹ́fà wà lára rìsíìtì yẹn, òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wọn wà lórí rẹ̀ gbàgàdà, oṣù mẹ́fà ò sì tíì pé.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe n'Íbàdàn: prójẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú. Ọdún 2013 ni mo ra mọ́nítọ̀ yìí, tòkúnbọ̀, oní-íǹṣì 17, èyí tí ojú rẹ̀ kò fẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti ìsinsìnyí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, torí ojú ewé kan odindi máa ń hàn lórí rẹ̀, mi ò ní máa yí i sókè yí i sálẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì mọ́ kedere. Ẹni tó bá ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá látàárọ̀ dalẹ́ mọ ohun tí mò ń wí. Bí mi ò bá rí àmì abẹ́ ẹ̀ dáadáa, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn.

Lóru ọjọ́ kan, NEPA mú iná dé pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù. Gílóòbù bẹ́ nílé wa àti nílé àwọn aládùúgbò. Nígbà tí mo tan kọ̀ǹpútà láàárọ̀, iná kékeré iwájú mọ́nítọ̀ ń tàn, àwòrán á yọ fìrí, ojú rẹ̀ á sì ṣókùnkùn. Mo dì í sínú páálí, mo gbé e lọ sí Ìkẹjà.

Ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà kò tilẹ̀ so ó mọ́ iná. Ó yí i padà, ó ka orúkọ tó wà níwájú rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó pe ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Wá wo Proview o!" Wọ́n gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń nulẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń gbowó nìkan ló ṣe bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ó gbé àga fún mi, ó ní kí n má bínú, ó lọ pe máníjà.

Máníjà dé. Ó sọ ti ilé-iṣẹ́ tó kú. Mo ní, "Ọ̀gá, èmi ò bá ilé-iṣẹ́ kankan ṣàdéhùn, ẹ̀yin lẹ buwọ́ lùwé." Ó ní kò sí ẹ̀yà ara rẹ̀ mọ́ níbikíbi láyé, kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó bí mi nínú jù: bí mo bá ra òmíràn lọ́wọ́ àwọn, òun máa fún mi ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà lórí èyí. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ohun tí kò ṣeé tún ṣe ṣe. Kò dáhùn. Ó gbé fóònù sétí, ó kọjú sí ògiri.

Ká ní ó sọ fún mi pé wárántì wọn kò kan jàǹbá iná NEPA ni, ǹ bá ti lọ sílé mi. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ikú ilé-iṣẹ́ ló fi ṣe àwáwí, ìyẹn ló jẹ́ kí n lọ wádìí ikú náà.

Oṣù kẹjọ ọdún 2010 ni wọ́n ti dá títa ìpín ìdókòwò Proview dúró ní ọjà ìpín Hong Kong, gbèsè ti mú un nígbà náà. Ọdún 2013 ni ṣọ́ọ̀bù yìí ta mọ́nítọ̀ fún mi, tí wọ́n sì kọ wárántì lé e. Bó bá jẹ́ pé ikú ilé-iṣẹ́ ló ń sọ wárántì di òfo, a jẹ́ pé òfo ni wọ́n tà fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n gbowó mi.

Ti Apple pàápàá, irọ́ ni. Lọ́dún 1989 ni Proview bẹ̀rẹ̀ ní Taiwan, kó tó fìdí múlẹ̀ sí Shenzhen ní Ṣáínà. Yang Long-san ni olórí rẹ̀. Nígbà tó dára fún wọn, wọ́n wà lára àwọn tó ń ṣe mọ́nítọ̀ jù lọ láyé, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń ṣe ló sì jẹ́ pé orúkọ ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ń wà níwájú rẹ̀. Nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún 2008, àwọn oníbàárà wọn ò ra ọjà mọ́. Polaroid ti Amẹ́ríkà, tó jẹ́ ọ̀kan lára wọn, lọ sọ fún kóòtù lóṣù Kejìlá ọdún yẹn pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn, owó Proview sì há síbẹ̀. Èrè orí mọ́nítọ̀ kan kéré tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí oníbàárà ńlá kan bá ṣubú, kò sí ibi tí wọ́n ti máa rí owó dí i. Àwọn báńkì Ṣáínà tó yá wọn lówó wá gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá wọn.

Ọ̀rọ̀ Apple ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nígbà náà ni. Proview ti ṣe kọ̀ǹpútà kan rí tí wọ́n ń pè ní IPAD, wọ́n sì ti fi orúkọ náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ní ìparí ọdún 2009, ẹ̀ka wọn ní Taiwan ta orúkọ náà ní 35,000 pọ́n-ùn fún ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Bírítéènì. Apple ló wà lẹ́yìn rẹ̀, torí wọ́n fẹ́ fi orúkọ náà pe kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tiwọn, iPad. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka ti Shenzhen ló ni orúkọ náà nílẹ̀ Ṣáínà, wọ́n sì bá Apple dé kóòtù. Lóṣù Keje ọdún 2012, Apple san mílíọ̀nù 60 dọ́là kí ẹjọ́ náà lè parí. Ta ló wá pa ta? Owó tó tóbi jù lọ tí orúkọ yẹn pa fún wọn, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣubú ni, gbèsè ló sì ń dúró dè é. Nígbà tí mo ka ìyẹn, inú mi ò dùn rárá. Àwọn tó mọ mọ́nítọ̀ ṣe tó báyìí, orúkọ lásán ló wá níye lórí ju gbogbo ohun tí ọwọ́ wọn ṣe lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mọ́nítọ̀ mi ṣe yè. Bí mo ṣe gbé e jáde ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, mo rí ọmọkùnrin kan tó ń tún nǹkan ṣe lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé kan lójú ọ̀nà Ọ̀tìgbà. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ìyá mi, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó." Ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó wá pa iná orí tábìlì, ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀, ó yí tọ́ọ̀ṣì náà ní ẹ̀gbẹ́ sí ojú mọ́nítọ̀, ó ní kí n sún mọ́ ọn. Mo rí i! Gbogbo àwòrán wà níbẹ̀, ó rẹ̀ bí òjìji, àní aago tó wà nísàlẹ̀ ń ka ìṣẹ́jú. Ó ní, "Ojú ẹ̀ ò kú, Ìyá. Iná tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ni ò dúró."

Ó fi káàdì rírọ̀ kan la etí rẹ̀ yíká. Lórí bóòdù iná, kápásítọ̀ méjì (ẹ̀yà kékeré tó máa ń tọ́jú iná pamọ́) ti wú lórí, èyí tó kù tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó yọ́ léèdì ìdí wọn, ó fa wọ́n yọ, ó mú méjì tuntun nínú dúróòwá, ó bá mi ka nọ́ńbà ara wọn kí ó tó dè wọ́n mọ́lẹ̀. Ó tún fi bébà tó wà lẹ́yìn gíláàsì hàn mí: AU Optronics, ilé-iṣẹ́ Taiwan mìíràn. Ó ní, "Proview kọ́ ló ṣe gíláàsì yìí, wọn ò sì ṣe kápásítọ̀. Wọ́n tò ó pọ̀ ni. Irú bóòdù báyìí kún ibí." Ohun tí máníjà ní kò sí níbikíbi láyé, dúróòwá abẹ́ àtẹ̀gùn ló wà, kò sì jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rárá. Owó tó gbà kò tó èyí tí máníjà fẹ́ fún mi. Mo fi kún un.

Mo ṣì ń lò ó. Mo ti so ó mọ́ UPS, NEPA ò rí i mú mọ́. Ihò VGA, ihò àtijọ́ tí okùn àwòrán ń wọ̀, nìkan ló ní, torí náà ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tuntun gbọ́dọ̀ ra okùn tí yóò so wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ rà, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ló dúró fún wárántì, kí wọ́n sì kọ ohun tí wárántì ò kàn. Fún ìwé títẹ̀, mi ò tíì rí èyí tí mo fẹ́ràn tó o.

Máàkì: 5 nínú 10. Kò sẹ́ni tí mo lè kọ̀wé sí láti dúpẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa ṣe òmíràn.